Owó Ilé-Ìwé àti Iyì Ilé-Ìwé: Kí Ni Àwọn Baba Ńlá Wa Ń Rà?

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn. Ìtàn ogun àti ìtàn ọba la sábà máa ń gbọ́ níbi ayẹyẹ báyìí. Èyí tí mo mú wá lónìí sún mọ́ àpò wa ju ìyẹn lọ: ìtàn owó ilé-ìwé ni. Bí ẹ bá jókòó sí òde àríyá wa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kò ní pẹ́ gbọ́ ìbéèrè yìí: "Ilé-ìwé wo lọmọ yín ń lọ báyìí?" Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nílé-ìwé aládàáni ńlá á dáhùn sókè, á sì dárúkọ ilé-ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé á rọra yí ọ̀rọ̀ padà sórí ìrẹsì tí wọ́n ń gbé bọ̀.

Àwọn kan ní ìlú òyìnbó ló kó àrùn yìí ràn wá. Bí a bá wo ìtàn, a ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní 160 ọdún tí Yorùbá ti ń fi owó ńlá wá ilé-ìwé olókìkí fún ọmọ. Ohun tó yẹ ká wádìí ni ohun tí wọ́n ń fi owó náà rà.

Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859 ni wọ́n ṣí CMS Grammar School ní Èkó. Òun ni ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọdún yẹn yé yín dáadáa: ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Nítorí náà, kì í ṣe gómìnà òyìnbó kankan ló fi tipátipá kó ọmọ lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé náà ni Thomas Babington Macaulay, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sierra Leone, tó fẹ́ ọmọ Àjàyí Crowther. Látìn àti Gíríìkì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ kí ilé-ìwé náà lè bẹ̀rẹ̀ ni James Pinson Labulo Davies, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti oníṣòwò ní Èkó. £50 ló fi sílẹ̀ pé kí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò. Owó ńlá ni lásìkò náà. Davies pẹ̀lú, Sàró ni, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Sierra Leone, tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà sílé. Níbi tí mo ti ń wò ó, ibẹ̀ ni ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ìbéèrè wa wà. Ẹni tí wọ́n ti tà rí, tàbí tí wọ́n ti ta bàbá rẹ̀ rí, mọ ìdí tó fi yẹ kí ọmọ òun ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé lọ sọ́jà. Ilé lè jó, ogun lè kó ẹrù, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú orí ọmọ, orí ọmọ ló wà. Ààbò ni wọ́n ń rà.

Àmọ́ iyì náà wà níbẹ̀. Ní 1862, Davies gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó nílùú Brighton. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ti mú ọmọbìnrin yìí lẹ́rú nígbà ogun Dàhọ̀mì. Ní 1850, Ọba Ghezo fi í ta ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ, Ọbabìnrin Victoria sì di alágbàtọ́ rẹ̀. Nígbà tí Sarah bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Ọbabìnrin yìí kan náà ló di ìyá ìsàmì ọmọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Victoria. Victoria Davies kàwé ní Cheltenham Ladies' College. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ débẹ̀. Ọmọ Èkó ti jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá àgbà yín.

Davies yìí kan náà, nígbà tí òwò rẹ̀ dojú dé, lọ dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní nǹkan bí ọdún 1880. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ wa. Ẹ wo bí ọwọ́ ẹnì kan ṣe lè tan iná síbi méjì: ó fi £50 ṣí ilé-ìwé, ó sì gbin irúgbìn tó padà wá di owó ilé-ìwé fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ní Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì. Nínú wa níhìn-ín, ta ni kòkó kò rán ìyá tàbí bàbá rẹ̀ nílé-ìwé rí?

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ní 1914, Abeokuta Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, gba ọmọbìnrin wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Frances Abigail Olufunmilayo Thomas. Ní 1919, àwọn òbí rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí Wincham Hall, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Cheshire, níhìn-ín ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ orin, iṣẹ́ aṣọ rírán àti sísọ Gẹ̀ẹ́sì bí ìyá afin wà lára ohun tó kọ́. Bí ẹ bá wo ètò ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó rò pé ọmọ náà yóò padà wálé di òyìnbó dúdú.

Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Ìgbà tó wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló fi Frances àti Abigail sílẹ̀, tó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Òun la wá mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Nígbà tó darí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta láti kọ owó orí tí ìjọba bù lé wọn, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, Yorùbá ló sì ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, kí àwọn ìyá ọlọ́jà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ. Ó kọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn ní ìwé kíkà. Ìjà náà le dé ibi pé Aláké Adémọ́lá gbé adé sílẹ̀ ní 1949. Owó tí àwọn òbí rẹ̀ ná ní Cheshire kò ṣòfò, nítorí pé gbogbo ìlú jẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá yìí náà ní ìfẹ́ ọkàn tirẹ̀ lórí ọmọ. Ní 1958, wọ́n rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nígbà tó dé ibí, ilé-ìwé orin ní Trinity ló lọ forúkọ sílẹ̀. Fẹlá lorúkọ ọmọ náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ dókítà, Olíkóyè àti Bẹ́kọ̀, aráyé sì mọ̀ wọ́n sí rere. Ṣùgbọ́n Fẹlá ni orí gbé gba ibòmíràn. Òbí ló ń san owó ilé-ìwé. Orí ọmọ ló mọ ibi tó ń lọ.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Nígbà tí owó bàbá kan ṣoṣo kò tó, ẹgbẹ́ ló ń dìde. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ọọ̀ni Adérẹ̀mí dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1932. Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn ti ní ilé-ìwé girama tiwọn láti 1913. Kí Queen's College tó ṣí ní Èkó ní 1927, Oyinkan Abáyọ̀mí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó owó jọ káàkiri kí àwọn ọmọbìnrin náà lè ní ilé-ìwé girama ti ìjọba bíi ti àwọn ọkùnrin. Ìdíje wà níbẹ̀ o! Ìlú kan kò fẹ́ kí ìlú kejì fi ilé-ìwé yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n iyì tí wọ́n ń dù, iyì gbogbo ìlú ni. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ìjòyè jọ ń jókòó sórí àga kan náà.

Lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ tó lé díẹ̀ ní 450,000 ló wà nílé-ìwé ní 1954. Ní 1955, wọ́n lé ní 800,000. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ètò náà ró.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ti di ti gbogbo ayé, àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí gbogbo ayé kò ní lè wọ̀. Jẹ́léósinmi aládàáni pọ̀ sí i, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ òfin láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní 1980, ìjọba Alhaji Lateef Jakande fẹ́ fòpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkó kí olówó àti tálákà lè jọ kàwé pọ̀. Ìjọ Àgùdà, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Okogie jẹ́ olórí rẹ̀, gbé e lọ sílé-ẹjọ́, àwọn ilé-ìwé náà sì wà síbẹ̀. Lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, owó oṣù olùkọ́ kò tó jẹun mọ́, òrùlé ilé-ìwé ìjọba ń jò. Òbí tó kó ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lásìkò náà, èmi kò ní í bú u. Àmọ́ ìgbà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń na ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, tàbí kí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, tí òbí sì ń dúpẹ́.

Ọpẹ́ náà kò yẹ. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi àwọn ọmọ kan kọ́ gbogbo iṣẹ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò kẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ilé ayé ti mọ̀ pé èdè ìyá kì í dí ọmọ lọ́wọ́. Àwa ni a kò tíì gbà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Níhìn-ín, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, àwọn tó wà nílé-ìwé aládàáni kò tó mẹ́wàá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba ti fi VAT 20% kún owó ilé-ìwé náà. Mo mọ àwọn òbí láàárín wa tí ìyá ń ṣiṣẹ́ òru, tí bàbá ń ṣiṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, tí àwọn méjèèjì kì í jọ bá ọmọ jẹun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí owó yìí. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ìran àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1859 ni wọ́n.

Ìbéèrè mi kò ju èyí lọ: bí ọmọ bá jáde níbẹ̀, ta ni yóò jẹ nínú rẹ̀? Bí ilé-ìwé náà bá dára fún ọmọ, tí agbára bá gbé e, ẹ rán an lọ. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ tí a ó dá lóde àríyá ni à ń rà, owó náà wọ́n jù. Ilé-ìwé ìjọba tí òbí ń lọ sípàdé rẹ̀, tí ọmọ ń rí ìyá àti bàbá nírọ̀lẹ́, kì í ṣe ohun ìtìjú. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kò sí ilé-ìwé tó ń gba owó kíkọ́ ọmọ ní ìkúnlẹ̀ kí àgbà, tàbí tó lè sọ orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ wa nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹgbẹ́ wa náà lè ṣe bíi ti Àtúnlùúṣe. A ń ná owó aṣọ ẹbí lọ́dọọdún. Bí ìdá kan nínú rẹ̀ bá lè lọ sí kíláàsì Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé, àti sí ìwé fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní, ìtàn yóò rí wa kọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin tẹ ń lọ sílé-ìwé ńlá àti ẹ̀yin tẹ ń lọ sí tòsí ilé, ọ̀kan ni yín. Ẹ kàwé yín gidi. Bí wọ́n bá pe orúkọ yín tí wọn kò pè é dáadáa, ẹ fi sùúrù kọ́ wọn títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Fúnmiláyọ̀ ṣe é ní Cheshire. Ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Olódùmarè yóò dá ẹ̀mí wa sí láti jẹ èrè ọmọ. A kò ní fi owó ọmọ san gbèsè ìtìjú.