Agbo Ilé Àwọn Tí A Tú Ká: Kíláàsì Bíbélì àti Ìjà Ẹbí, láti Àgbádárìgì dé Maitama

Ẹni tó bá wo Maitama lónìí, pẹ̀lú ilé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè àti òkè tí àwọn mínísítà ń gbé, kò ní tètè rántí pé abúlé àwọn Gbagyi ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ni alága ìgbìmọ̀ tó dábàá ní ọdún 1975 pé kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba Murtala Muhammed fi òfin gbé àbá náà ró. Nígbà tí iṣẹ́ ìkọ́lé kàn wọ́n, wọ́n kó àwọn onílẹ̀ Maitama lọ sí Kubwa. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ kó dé Abuja, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé iṣẹ́ wọn bọ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Àdúgbò tí kò ní agbo ilé ni wọ́n bá níbẹ̀: onílẹ̀ ti lọ, àlejò kò sì gbé mọ́gàjí tàbí baálé rẹ̀ dání wá. Ìjà ẹbí kò tìtorí ìyẹn dúró sí Èkó. Tọkọtaya ń jà, ọmọ ìyá ń bínú síra wọn lórí ilé tí bàbá fi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ìyá ọkọ kò bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ìpè tẹlifóònù sí ilé kò bá parí rẹ̀, ibi méjì ló kù: ilé ẹjọ́ gíga ti Abuja, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Maitama gan-an, tàbí kíláàsì ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́sẹ̀ níhìn-ín ni pé ibi kejì yìí kì í ṣe àṣà àná. Ó ti lé ní 170 ọdún tí kíláàsì Bíbélì ti ń ṣe iṣẹ́ agbo ilé fún Yorùbá tí a tú ká, ó sì máa ń ṣe é dáadáa nígbà tó bá rántí òfin kan tí agbo ilé àti Bíbélì jọ mọ̀: òtítọ́ ni a ń kọ́kọ́ sọ kí a tó parí ìjà.

Kí ìwé tó dé, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, baálé yóò pe ìjókòó. Olùfisùn yóò rojọ́, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yóò fèsì, àwọn àgbà yóò sì máa bi wọ́n léèrè títí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ yóò fi hàn. Ẹni tó jẹ̀bi yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, a ó bá a bẹ̀bẹ̀, a ó pa obì, gbogbo ilé yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́: kóòtù yóò dá ẹnìkan láre, yóò dá ẹnìkejì lẹ́bi, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló fọ́ ètò yìí mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ lórí. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn, wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n nípá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown, níbi tó ti di Samuel Ajayi Crowther. Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Afala, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ní oṣù Kejì ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi tó sì gba orúkọ Hannah. Ti Crowther dára. Ọ̀pọ̀ Sàró, ìyẹn àwọn tí a gbà lóko ẹrú lọ sí Freetown bíi tirẹ̀, tó ti ń padà bọ̀ sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta láti nǹkan bí ọdún 1839 kò bá ẹnì kankan, torí ilé tí wọ́n ń wá ti di igbó. Ìjọ ni wọ́n bá, kíláàsì inú ìjọ ló sì di ìjókòó ẹbí fún wọn.

Kíláàsì yìí náà ní ibi tó ti wá, ìjà tọkọtaya kan sì wà nídìí rẹ̀. Ní Bristol, lọ́dún 1742, àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley jẹ gbèsè ilé ìjọsìn wọn. Wọ́n pín ara wọn sí méjìlá-méjìlá, ẹnìkan nínú méjìlá kọ̀ọ̀kan sì ń lọ láti ilé dé ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ olúkúlùkù. Wesley fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn agbowó náà wá sọ fún òun pé nígbà tí òun wọ ilé ẹnìkan, òun bá a níbi tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ó wá yé Wesley pé ẹni tó ń gba owó lè máa bojú tó ilé. Bẹ́ẹ̀ ni agbowó ṣe di olórí kíláàsì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè bí ọkàn àti ilé ọmọ ìjọ ṣe wà. Nínú òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ará má ṣe gbé ará lọ sí kóòtù. Ètò yìí ni Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Elétò (Mẹ́tọ́díìsì), ìjọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Wesley, gbé dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) ti Áńgílíkà náà pín àwọn ọmọ ìjọ wọn sí kíláàsì, wọ́n sì ń gba owó kíláàsì. Èyí yé Yorùbá kíá, nítorí kì í ṣe àjèjì sí wọn pé kí àgbà kan máa yẹ ilé wò, kó máa bi ọkọ pé kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ kò wá. Ohun tó jẹ́ àjèjì ni ìwé. Nígbà tí ìtumọ̀ Ìwé sí àwọn ará Róòmù tí Crowther ṣe jáde ní ọdún 1850, tí gbogbo Bíbélì sì pé ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884, ọmọdé tó mọ̀wé lè ka ẹsẹ̀ tí àgbà kò lè kà. Nínú agbo ilé, àgbà nìkan ló mọ ohun tí àwọn baba sọ. Nínú kíláàsì, ọmọ àti bàbá wà lábẹ́ ìwé kan náà, ìyàwó sì lè fi ẹsẹ̀ Bíbélì béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú ọkọ. N kò mọ ohun tó tún tó èyí nínú ohun tí kíláàsì fi kún àṣà wa.

Ẹnìkan lè takò mí pé ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló tú ilé ká, kí ló wá kàn án nípa ìlàjà? Ẹ̀rí tí ẹni bẹ́ẹ̀ ní kò kéré. Ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1849, wọ́n ṣe inúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ àwọn mìíràn sínú àbà. Ní Ìbàdàn, níbi tí David àti Anna Hinderer fìdí kalẹ̀ sí ní ọdún 1853, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń lọ sí ìsìn jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn ẹbí wọn, ìwé tí a fi àkọsílẹ̀ Anna ṣe ní ọdún 1872 sì sọ nípa rẹ̀. Èyí tó burú jù ni ọ̀rọ̀ olórogún. Ní ọdún 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó péjọ ní Lambeth pinnu pé kí a má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ, àmọ́ pé nígbà mìíràn a lè ṣe é fún àwọn ìyàwó rẹ̀. Ẹ wò ó bí ìyẹn yóò ti rí nínú ilé kan: ìyàwó jókòó nínú kíláàsì, ọkọ dúró sí ìta, ìwé kan náà ló sì ya wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó bí àwọn ìjọ tí Yorùbá dá sílẹ̀ fúnra wọn, ní pàtàkì ìjọ Ẹlẹ́jà tó yapa kúrò lára Ìjọ Elétò ní Èkó ní ọdún 1917. Mo gbà gbogbo èyí. Kíláàsì lè fọ́ ilé, ó sì ti fọ́ ọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe parí ìjà nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà inú ìjọ ni, kì í ṣe ti inú ilé kan, ìjà àwọn Onítẹ̀bọmi ló ṣe kedere jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1888, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi Àkọ́kọ́ ní Èkó bá míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó ń darí wọn, W. J. David, jà lórí bó ṣe ń lo àwọn òṣìṣẹ́ Yorùbá, pàápàá Moses Ladejo Stone tó jẹ́ pásítọ̀ wọn. Wọ́n jáde, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀; D. B. Vincent, tó di Mojọlá Agbébí lẹ́yìn náà, wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Ọdún 26 kọjá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1914, ìhà méjèèjì pàdé ní Ìbàdàn, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀, èyí tó di Ìpàdé Àpapọ̀ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà lónìí. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́? Agbébí. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jà, pé Yorùbá tó láti darí ìjọ Yorùbá, ni a gbà ní gbangba nípa fífi ọ̀kan nínú wọn sórí àga. Bí a bá sọ fún wọn ní ọdún 1889 pé kí wọ́n dárí jì, kí wọ́n padà wálé, láìsọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo gbà pé ìjà náà ìbá tún bẹ́ sílẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Bí ìtàn Bíbélì tí àwọn kíláàsì fẹ́ràn jù lórí ìjà ẹbí náà ṣe lọ nìyẹn. Jósẹ́fù kò dì mọ́ àwọn arákùnrin rẹ̀ ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí wọn ní Íjíbítì. Ó dán wọn wò, ó gbọ́ tí wọ́n ń jẹ́wọ́ láàárín ara wọn pé àwọn jẹ̀bi, ó dúró títí Júdà fi yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti di ẹrú dípò Bẹ́ńjámínì. Ìgbà tí ẹni tó dábàá pé kí wọ́n tà á ti yí padà ló tó sunkún tó sì fi ara rẹ̀ hàn. Jékọ́bù àti Ísọ̀ náà ní Jẹ́nẹ́sísì 33 dì mọ́ra, wọ́n jọ sunkún, lẹ́yìn náà Ísọ̀ gba Séírì lọ, Jékọ́bù sì gba Súkọ́tù. Wọ́n parí ìjà, síbẹ̀ wọn kò jọ gbé. Olùkọ́ tó bá ń fi àwọn orí yìí sọ fún ẹni tí a ṣe níbi pé kó dárí jì kíákíá kí ìjókòó lè tú kò tíì kà wọ́n dópin.

Láti ọdún 1973 ni ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ti gba ọ̀nà mìíràn, nígbà tí William Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú ènìyàn 15 nínú ilé tó ń gbé. Lónìí, Deeper Life, ìjọ tó ti inú ìpàdé yẹn jáde, ń kọ́ ọ ní ọjọ́ Ajé, Ìjọ Ìràpadà (RCCG) ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìpàdé inú ilé sì wà lọ́tọ̀. Ohun tí àwọn tó kó wá sí Abuja nílò gan-an ni: àwùjọ kékeré tó mọ orúkọ ọmọ rẹ, tó sì máa béèrè rẹ bí o kò bá wá. Ṣùgbọ́n àtakò tó wúwo jù lọ wà níbí. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ obìnrin láti fara da lílù títí yóò fi kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2022, olórin ìhìnrere Osinachi Nwachukwu kú ní Abuja. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga Abuja dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ikú náà. N kò ní fi ẹnu fẹ́ẹ́rẹ́ dáhùn èyí. Kíláàsì tó bá ní kí ẹni tí wọ́n ń lù padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà ti lòdì sí Ísọ̀ àti Jékọ́bù tó ń kà, ó sì ti lòdì sí ẹ̀mí òfin ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn, tí a ṣe fún Abuja gan-an. Agbo ilé àtijọ́ pàápàá mọ èyí: obìnrin tí wọ́n bá ń lù a máa sá padà sí ilé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ yóò sì wá bá a láti bẹ̀bẹ̀. Ilé bàbá ti jìnnà sí Maitama. Ojúṣe ìjọ ni láti di ilé náà.

Kóòtù àti kíláàsì kì í sì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1970 pa á láṣẹ fún adájọ́ pé kó máa wò ó bóyá tọkọtaya tó wá síwájú rẹ̀ ṣì lè parí ìjà, ó sì lè sún ẹjọ́ síwájú nítorí rẹ̀. Láti ọdún 2003 ni Abuja ti ní ètò ìlàjà tó so mọ́ ilé ẹjọ́. Bí adájọ́ bá lè fi àyè sílẹ̀ fún ìlàjà, olórí kíláàsì náà lè fi àyè sílẹ̀ fún adájọ́: ọ̀rọ̀ ìbínú àti ogún bàbá lè jókòó sí kíláàsì, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kan náà.

A mọ ìjà àwọn ará Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn láyé ìgbà náà nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ CMS wà ní Birmingham àti ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn títí di òní. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní Maitama lẹ́yìn ọdún 1991 ti ń dàgbà. Ẹ̀yin olórí kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe parí ìjà tí ẹ parí, àti èyí tí ẹ kò rí parí. Ẹ yọ orúkọ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ fi ọdún, ohun tó fa ìjà, ohun tí oníkálukú jẹ́wọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan sí i.