Walter A. Haas Kékeré

Walter A. Haas Kékeré (24 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1916 – 20 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1995) jẹ́ oníṣòwò aṣọ àti ọlọ́rẹ-àánú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ṣe olórí Levi Strauss & Co., ilé-iṣẹ́ ṣòkòtò jíǹsì ti ìlú San Francisco. Òwò ìdílé ìyá rẹ̀ ni, nítorí pé Levi Strauss, ará Jámánì tí ó dá a sílẹ̀, kò bímọ. Àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀ ni ó jogún òwò náà nígbà tí ó kú ní 1902, ọ̀kan nínú wọn sì ni bàbá ìyá Haas.

Lẹ́yìn tí Haas gboyè ní Berkeley ní 1937 àti ní Harvard ní 1939, ó wọ ilé-iṣẹ́ náà, ó sì di ààrẹ rẹ̀ ní 1958. Òun àti Peter, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n sọ aṣọ tí a mọ̀ mọ́ lébìrà di ohun tí ọ̀dọ́ ń wọ̀ káàkiri ayé. Ní 1971, wọ́n ta ìpín ìdókòwò, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ní apá kan nínú ilé-iṣẹ́, fún gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ ní Blackstone, ní Virginia, ní 1960, òfin ìyàsọ́tọ̀, èyí tí kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ lo ohun kan náà, ṣì múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn aṣáájú ìlú ní kí a mọ ògiri sáàárín àwọn òṣìṣẹ́; nígbà tí èyí kò ṣeé ṣe, wọ́n ní kí a fa ìlà sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ẹ̀rọ omi mímu wọn ṣáà yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kọ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ kò jáde títí di 1964.

Ní 1953 ni òun àti Evelyn, ìyàwó rẹ̀, dá àjọ tí ń fi owó ìdílé wọn ṣàánú sílẹ̀. Àjọ yìí ni ó wá ṣe agbátẹrù títún Crissy Field ṣe, pápá ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun tí ó di ọgbà ìgbafẹ́ létí omi. Ní 1980, Haas ra Oakland Athletics, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ní 1989, kí wọ́n má baà gbé e kúrò ní ìlú Oakland. Nígbà tí ó fẹ́ tà á ní 1995, ó gba iye tí ó kéré sí èyí tí ìbá rí níbòmíràn, kí àwọn oníṣòwò agbègbè náà lè rà á, Oakland ni ẹgbẹ́ náà sì wà títí di 2024.