Ewé, Agolo àti Náílọ́ọ̀nù: Ìtàn Ohun tí A Fi Ń Di Ẹran

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí láìronú nípa ewé tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀ nídìí ewé náà. Ewé yìí ni a fi di ọṣẹ. Ó gba ọṣẹ lọ́wọ́ eruku, ó sì gbà á lọ́wọ́ òjò. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, kò di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ṣe ni ó di ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí ó ń ṣọ́. Ìbéèrè mi ni èyí: kí ni àwọn ohun tí a fi ń di oúnjẹ wa lóde òní ń dà, nígbà tí iṣẹ́ wọn bá parí? Kí a lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí a tọ ipa òwò ẹran ní ẹkùn Agége àti Ìkẹjà, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn baba wa àti ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá ti pàdé ara wọn.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí ilẹ̀ òkè, ọdún 1901 ni wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn. Agége wà lójú ọ̀nà náà. Oko kòkó àti oko obì ni ó yí ibẹ̀ ká nígbà náà, J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Èkó dé Kánò. Báyìí ni gbànja Agége ń lọ sí òkè Ọya, tí màlúù òkè Ọya sì ń bọ̀ wá sí Èkó.

Ẹ wo bí àwọn oníṣòwò obì ti ń di ẹrù wọn. Wọn a tẹ́ ewé tútù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sínú agbọ̀n, wọn a kó obì lé e, wọn a tún fi ewé bò ó, wọn a sì fi okùn rán ẹnu agbọ̀n. Bí ewé bá gbẹ jù, obì yóò hun; bí ó bá tutù jù, obì yóò rà. Nítorí náà, wọn a máa tú ẹrù wò, wọn a ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, wọn a sì pààrọ̀ ewé. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó kọ́ wọn ní èyí, síbẹ̀ wọ́n mọ òfin kìíní nípa dídi ẹrù: pé ohun tí a fi di ẹrù wà nítorí ẹrù, kò wà nítorí ara rẹ̀.

Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni ó wà lọ́wọ́ alápatà. Bí màlúù kan bá wọn 300 kílò láàyè, ẹran àti egungun tí alápatà yóò gbé kọ́ kì í ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ìdajì kejì ni awọ, orí, ẹsẹ̀, ṣàkì, ìfun, ẹ̀dọ̀, fùkù, ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí ẹranko náà jẹ sínú. Alápatà àtijọ́ kì í jẹ́ kí ìdajì yìí ṣòfò. Awọ a di pọ̀nmọ́, tàbí kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awọ láti di bàtà àti akọ̀ idà. Ẹsẹ̀ a di bòkòtó. Ṣàkì àti fùkù a wọ inú ìkòkò olóúnjẹ. Ìwo a di ti oníṣègùn. Ẹran tí kò bá tà tán a gun orí iná, a sì di kúndì tí kì í tètè bàjẹ́. Ewé gẹdú ni wọ́n fi ń di ẹran fún ẹni tí ó bá rà á. Bí onítọ̀hún bá sì délé tí ó ju ewé sẹ́yìn ilé, ilẹ̀ yóò jẹ ẹ́ kí oṣù mélòó kan tó kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé ohun gbogbo ni ó dára láyé àtijọ́. Eṣinṣin ń bà lé ẹran lórí àtẹ. Màlúù mìíràn ń fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, òmíràn a rù kan egungun, òmíràn a sì kú sójú ọ̀nà. Ẹran tí a pa láàárọ̀ lè ti máa rùn kí alẹ́ tó lẹ́. Ebi tí ó yẹ kí ẹran náà pa kò ní kú mọ́. Gbogbo ayé ni ó sì ti bá irú òfò báyìí jà rí.

Ní ilẹ̀ Faransé, nígbà ogun Napoleon, ìjọba ń wá ọ̀nà tí oúnjẹ àwọn ọmọ ogun kò fi ní máa bàjẹ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nicolas Appert kó oúnjẹ sínú ìgò, ó dé e pinpin, ó sì sè é nínú omi gbígbóná. Oúnjẹ náà pẹ́ títí láìbàjẹ́. Ní ọdún 1810, ìjọba fún un ní ẹ̀bùn 12,000 fránkì. Ní ọdún yẹn kan náà ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún lílo agolo. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ọ̀tá òfò ni agolo nígbà tí ó dé ayé. Kò sí ẹni tí ó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohun tí a fi ń dènà òfò yóò di òfò fúnra rẹ̀.

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ fi ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí han aráyé. Ní ọdún 1865 ni wọ́n ṣí ọgbà ẹran ńlá kan síbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ dé ibẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọlọ́jà ẹran ìlú náà a máa yangàn pé igbe ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni ó ń ṣòfò lọ́wọ́ àwọn: ọ̀rá ẹran di ọṣẹ, egungun di bọ́tìnì, irun di búrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀jẹ̀ di ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò rí tà, odò ni wọ́n dà á sí. Ẹ̀ka odò kan níbẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ìfun tó bẹ́ẹ̀ tí omi rẹ̀ fi ń hó kùkù, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ lórúkọ nítorí ìhó náà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ẹni tí ó ń ṣọ́ òfò nítorí owó nìkan yóò ṣíwọ́ ìṣọ́ ní ibi tí èrè bá parí sí, aládùúgbò rẹ̀ ni yóò sì máa gbọ́ òórùn ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ìkẹjà di ara rẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì ti ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1962 ni Gala jáde, ìyẹ̀fun yíyan tí a ki ẹran lílọ̀ sí nínú, tí ó wá di oúnjẹ àwọn èrò ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Náílọ́ọ̀nù ni a ń fi dì í. Kí a sọ òtítọ́, náílọ́ọ̀nù ṣe wá ní oore: eṣinṣin kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, eruku kò lè wọ̀ ọ́, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Bí a bá ní kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù lónìí, ẹran púpọ̀ ni yóò bàjẹ́ lọ́la.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní ọdún 2011, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí aráyé ń pèsè fún jíjẹ ni ó ń ṣòfò lọ́dọọdún, èyí tí í ṣe nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 tọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti Àríwá, ẹnìkan tí ń ra oúnjẹ jẹ a máa fi 95 sí 115 kílò ṣòfò lọ́dún. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, 6 sí 11 kílò ni. Ẹ má ṣe tíì yọ̀. Oúnjẹ tiwa kì í dúró kí ó dé orí tábìlì kí ó tó bàjẹ́. Oko, ojú ọ̀nà àti ọjà ni ó ń bàjẹ́ sí, nítorí àrùn ẹran, ọ̀nà tí kò dára àti àìsí ilé yìnyín. Bí a bá dín ohun ìdì kù láìronú, ẹran yóò rà. Bí a bá sì ń lò ó láìronú, gọ́tà yóò dí.

Ìtìjú mi ni mo fẹ́ fi kọ́ yín ní ìhà kejì. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní ẹkùn yìí, a pa màlúù fún àjọ̀dún ìrántí ìdásílẹ̀ ilé-ìwé wa ní oṣù kẹfà ọdún kan. Èmi ni mo pàṣẹ pé kí a di ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú náílọ́ọ̀nù méjì, kí orúkọ ilé-ìwé sì hàn lára èyí tí ó wà lóde, kí ó lè gbayì lójú àwọn òbí. A kò ka iye ọmọ kí a tó sè é. Abọ́ ńlá méjì ẹran ni a dà nù ní ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, òjò ńlá rọ̀, omi wọ yàrá àwọn ọmọ kékeré, ó sì ba ìwé wọn jẹ́. Nígbà tí a gbẹ́ gọ́tà ẹ̀yìn ilé-ìwé, náílọ́ọ̀nù ni ó dí i, orúkọ ilé-ìwé wa sì ń dán lára wọn bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bàbá tí ń ṣọ́ ọgbà fọ ọ̀kan mọ́, ó gbé e sórí tábìlì mi, ó kí mi, ó sì jáde lọ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ìbá ti di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ìfẹgẹ̀ mi kò tíì rà.

Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń bu oúnjẹ tà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, òfin kan àwọn ohun ike mìíràn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń jù nù. Àwọn onímọ̀ náà kò sùn. Ní ọdún 2005, ètò kan tí Ọ̀mọ̀wé Joseph Adelegan ṣe fún odò ẹran Bódìjà ní Ìbàdàn gba ẹ̀bùn SEED láàárín àwọn orílẹ̀-èdè: ètò náà ni pé kí a sọ ẹ̀gbin odò ẹran di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí odò ẹran Oko Ọba ní Agége, ẹ mọ iye ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tí odò ẹran ńlá máa ń ní lójúmọ́. Ẹ ro iye iná tí ó sùn sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè tẹ̀lé ènìyàn wọ ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ṣiṣẹ́ lọ́la ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ. Àwọn mìíràn yóò jẹ́ ọlọ́jà, àwọn mìíràn yóò sì jẹ́ ìyá àti bàbá ilé. Níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó di ohunkóhun. Kí ni ohun tí mo ń dì yìí nílò, kí ó má bàa bàjẹ́? Ṣé mo ti fi kún un nítorí àṣehàn? Ta ni yóò kó o nílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí? Ẹni tí ó bá dáhùn èkíní yóò gba ẹran là. Ẹni tí ó bá dáhùn èkejì yóò dín ìnáwó kù. Ẹni tí ó bá dáhùn ẹ̀kẹta yóò gba aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ ìkún omi.

Ewé pẹ́ lára ọṣẹ, ó di ọṣẹ. Bí náílọ́ọ̀nù pẹ́ lára ọṣẹ títí di ọjọ́ alẹ́ yín, náílọ́ọ̀nù ni yóò máa jẹ́. Níwọ̀n bí kò ti lè sọ ara rẹ̀ di ilẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó lò ó ni ó gbọ́dọ̀ mú un dé ibi tí ó yẹ ẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí olùṣọ́ ọgbà gbé tiyín wá sórí tábìlì yín.