Yàrá Ọta: Alágbẹ̀dẹ, Omi àti Ìbọn Ogun Kírìjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí èmi náà fẹ́ fà yọ nínú àròkọ yìí kéré púpọ̀ lójú. Ihò kan ni, tí ó wà ní ìdí ọ̀pá ìbọn, níbi tí ọta ń wọ̀ sí kí a tó yìn ín. N ó máa pè é ní yàrá ọta. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Ogun Kírìjì, àwọn balógun ni a máa ń dárúkọ, àti ìlú tí wọ́n tú, àti ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀. Kì í sábà sí ẹni tí ó ń rántí ihò yìí. Bẹ́ẹ̀, ní èrò tèmi, inú rẹ̀ ni agbára gbà bọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ Yorùbá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọṣẹ́ ni mo fẹ́ fi kan àwọn baba wa. Ẹni tí ó bá dé ojúbọ Ògún Ládin ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀ yóò rí irin wúwo kan níbẹ̀ tí ó rí bí ẹ̀kán omi. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ògún Ládin yìí ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti da àwọn orí tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣe dígí ní Igbó Olókun kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Iná kò fi ohunkóhun pamọ́ fún irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé alágbẹ̀dẹ. A ó bá ẹwìrì níbẹ̀, a ó bá èédú, ẹ̀mú, òòlù àti ọmọ-owú. A ó sì bá omi. Ojú kan ni omi náà máa ń wà, nínú kòtò tàbí ohun èlò tí a gbẹ́ sẹ́bàá iná, ó dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà tí òòlù bá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ ni a ó ri irin gbígbóná bọ inú rẹ̀, tí yóò dún ṣìì, tí ẹnu ọkọ́ tàbí ti àdá yóò sì le. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa bù nínú omi yìí lọ fi ṣe ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a mú dání ni èyí: omi alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn iṣẹ́ ni ó ń wá, kì í sì í ṣàn.

Ìbọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ wọ̀nyí kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ni ṣakabùlà. Láti ẹnu ni a ń kì í: a da ẹ̀tù sí i, a fi ọ̀pá gún un wọlé, a da ọta tàbí èérún irin lé e, a tún gún un. Òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bọ́ sí. Bí ibi tí ó ń ṣá iná bá bàjẹ́, yóò rọ òmíràn. Bí ọta bá tán, yóò rọ ọta. Ìdí ọ̀pá náà dí pinpin, kò sí yàrá kankan níbẹ̀, ohun yòówù tí ó bá lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé ni yóò sì yìn jáde. Jagunjagun tí ó ní ṣakabùlà lè gbẹ́kẹ̀ lé alágbẹ̀dẹ àdúgbò rẹ̀ títí ogun yóò fi parí.

Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Ààrẹ Látòósà ni ó kó ogun Ìbàdàn jáde. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni ó di olórí ogun fún Èkìtì-Parapọ̀. Ogun wá dúró sójú kan láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ń ṣòwò ní Èkó ni wọ́n yí ojú ogun náà padà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìbọn tí a ń kì láti ìdí ránṣẹ́ gba ọ̀nà Òǹdó. Ìró ìbọn tí ń bú ramúramù láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n ní ó bí orúkọ náà, Kírìjì.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbọn tuntun wọ̀nyí ni Snider. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́, nítorí pé ìbọn àtijọ́ ni a tún ṣe. Ní ilé-iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Enfield, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní ìbọn tí a ń kì láti ẹnu lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1866 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gba ọgbọ́n tí Jacob Snider, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé wá: kí a la ìdí ọ̀pá náà, kí a gbẹ́ yàrá sí i, kí a sì fi irin alásùnkùn kan ṣe ilẹ̀kùn sí i. Yàrá yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀. Ẹ̀tù àti ọta ti wà pọ̀ nínú ìkarahun kan, kátírííjì, a ó kàn tì í wọlé ni, a ó yìn ín, a ó fa ìkarahun yọ, a ó sì ti òmíràn. Kí ẹni tí ó ní ṣakabùlà tó kì ín lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó ní Snider ti yìn ín lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ni ó le nínú gbígbẹ́ ihò? Ohun tí ó le níbẹ̀ ni pé yàrá náà gbọ́dọ̀ bá kátírííjì mu rẹ́gí. Bí ó bá fẹ̀ jù, ìkarahun yóò ya, iná yóò sì bú padà sójú ẹni tí ó yìn ín. Bí ara rẹ̀ bá ní ojú ọgbẹ́ kan péré, idẹ ìkarahun yóò fẹ̀ wọ inú ọgbẹ́ náà nígbà tí ìbọn bá dún, yóò há, ìbọn yóò sì di igi lásán lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo irin agbẹ́hò eléyín tí ó ti ní ìrísí kátírííjì gan-an, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ láàtì yí iṣẹ́ náà. Eyín irin yìí ń há èérún jáde bí ó ti ń jẹ irin. Èérún náà ni ọ̀tá. Bí ó bá kó sí àárín eyín, yóò máa fá ara yàrá. Ìgbóná tún wà níbẹ̀, irin tí ó bá sì gbóná ń fẹ̀, ìwọ̀n tí a fi ojú rí lórí rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́ mọ́. Òṣìṣẹ́ lè máa fa irin agbẹ́hò náà jáde léraléra, kí ó nù ún, kí ó tún ta òróró sí i. Ọ̀nà tí ó yá jù, tí àwọn oníṣẹ́ òde òní ń lò, ni kí ẹ̀rọ kan máa ti òróró gba ẹnu ọ̀pá ìbọn wọlé, kí ó máa ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó máa gbá èérún jáde láti ìdí bí irin ti ń jẹun lọ.

Mo dúró lọ́dọ̀ oníláàtì kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí lọ́jọ́ kan. Ohun èlò ọkọ̀ ni ó ń ṣe, kì í ṣe ìbọn. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń da omi funfun bíi wàrà, omi tí a po mọ́ òróró, sójú iṣẹ́ láìdáwọ́dúró. Nígbà tí ọmọ náà bojú wẹ̀yìn díẹ̀, èéfín yọ, ọ̀gá sì kígbe mọ́ ọn kíákíá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé omi tí mo mọ̀ nílé alágbẹ̀dẹ kọ́ nìyí. Inú iṣẹ́ gan-an ni èyí wà, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣàn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, àwọn alágbẹ̀dẹ Samori Ture ńkọ́? Ìbéèrè tí ó yẹ ni. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kí àwọn Faransé tó mú Samori ní 1898, àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ti tú ìbọn Faransé palẹ̀, wọ́n sì ti ṣe irú rẹ̀, yàrá ọta àti gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú kátírííjì. Ìyẹn fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn dúdú lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ọba kan ni ó kó wọn jọ, tí ó ń bọ́ wọn, tí ó sì fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ ìlú. Síbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ọwọ́ rọ ọ́, nígbà tí ẹ̀rọ Yúróòpù ń pọ̀ ọ́ jáde. Ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ta ni ì bá kó àwọn alágbẹ̀dẹ Ìbàdàn, ti Ìjẹ̀ṣà àti ti Ifẹ̀ jọ sábẹ́ òrùlé kan? Ara wọn ni wọ́n ń bá jà. Láàárín ogun yìí kan náà ni Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ tú, tí àwọn ará ìlú sì wà nígbèríko títí di 1894.

Báyìí ni ó ṣe di pé jagunjagun tí ìbọn rẹ̀ dára jù ni ó nílò oníṣòwò Èkó jù. Alágbẹ̀dẹ kò lè rọ kátírííjì fún un bí ó ti ń rọ ọta. Bí ọ̀nà Òǹdó bá dí, Snider di kùmọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó mọ èyí, nítorí pé ẹni tí ó bá di etíkun mú ti di ojú ogun mú. Wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà ní 1886, Gómìnà Carter sì tú àwọn ibùdó ogun ká ní 1893. Ní ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní Ìmagbọ̀n, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yin ìbọn Maxim sí àwọn Ìjẹ̀bú, ìbọn tí àpò omi yí ọ̀pá rẹ̀ ká kí ó má baà gbóná jù.

Lẹ́yìn èyí, ṣakabùlà padà sọ́wọ́ àwọn ọdẹ, ó sì padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Òfin ìbọn ti 1959 ka ṣíṣe ìbọn láìgba àṣẹ léèwọ̀. Ní 1964 ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ohun ìjà sílẹ̀ ní Kàdúná, ilé-iṣẹ́ Fritz Werner láti Jámánì sì ni ó bá wọn gbé e kalẹ̀. Ó ti tó ọdún 86 tí Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí.