Òkè Ni A Ń Wò: Ìtàn Irin Tí Ń Na Orúnkún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ìlú wa tí ó wà létí ọ̀sà ní agbègbè Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ojúgbà mi kan ni ó jẹ́ kí n mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ibà náà lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò lágbára mọ́. Bí ó ti ń jókòó lórí ẹní lójoojúmọ́ ni orúnkún náà ń ká, títí tí kò fi ṣeé nà mọ́. Bí ó bá fẹ́ rìn, ọwọ́ ni ó fi ń ti orúnkún náà. "Iṣẹ́ Ọbàtálá ni," ni àwọn àgbà wí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀kọ́ rere ni ẹ̀kọ́ náà. Yorùbá gbà pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ènìyàn, àti pé ẹni òrìṣà ni arọ, abuké àti àfín. Ìgbàgbọ́ yìí sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Ọmọ yìí kò gbé orúnkún kíká wá sáyé. Àrùn ni ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára; ìjókòó láìna ẹsẹ̀ ni ó jẹ́ kí iṣan rẹ̀ súnkì. Ohun tí a pè ní àmúwá Ọlọ́run ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo wa.

Kì í ṣe pé a kò ní ọlọ́gbọ́n. Kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé ni àwọn tí ń to eegun ti wà láàrin wa. Wọn a fi ọwọ́ wá ibi tí eegun ti ṣẹ́, wọn a tò ó, wọn a fi awẹ́ ọparun ká a, wọn a sì fi aṣọ dì í. Àwọn mìíràn a ṣẹ́ adìẹ kan lẹ́sẹ̀, wọn a tọ́jú òun náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni wọn a tú ti aláìsàn. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò kéré: láti òde ni a ti lè mú eegun inú dúró. Ṣùgbọ́n bí ìdè bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní í kọjá, ẹsẹ̀ a sì kú. Bí ìdè bá sì pẹ́ jù, oríkèé a gan.

Ọ̀kan nínú wọn gbìyànjú orúnkún ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin méjì di ọmọ náà mú, òun sì fi gbogbo agbára tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Igbe rẹ̀ dé etí ọ̀sà. Orúnkún kò nà. Ó wú, nígbà tí ó sì fọn, ó ká ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà. Kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn eegun kò jìnnà. Lójú ọ̀nà tí ń jẹ́ Ìkòròdú Road gan-an ni Ìgbóbì wà. Nítorí àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. Ní ọdún 1945 ó di ilé ìwòsàn eegun, lẹ́yìn náà ni Ìjọba Àpapọ̀ sì gbà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọmọ tí Ọbàtálá mọ bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀?

Ogun kan náà ni ó mú kí dókítà kan ní ilẹ̀ òkèèrè ronú sí ọ̀ràn eegun. Gavriil Ilizarov ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1921, ó sì ṣe aláìsí ní 1992. Lẹ́yìn tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1944, agbègbè Kurgan ní Siberia ni ìjọba Soviet rán an lọ. Àwọn tí ogun ti ṣe léṣe pọ̀ níbẹ̀, ohun èlò sì ṣọ̀wọ́n. Ní nǹkan bí 1951, ó ṣe irin kan: òrùka tí ó yí ẹsẹ̀ ká, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gba inú eegun kọjá, tí a fà le bí sípóòkù kẹ̀kẹ́, àti ọ̀pá onínọ́ọ̀tì tí ó so òrùka mọ́ òrùka. Bí a bá gé eegun, tí a sì ń yí nọ́ọ̀tì ní ìwọ̀n mìlímítà 1 lóòjọ́, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, eegun tuntun a máa hù ní àlàfo náà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀gá ní Moscow kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ní 1968 ni ó wo Valery Brumel, ẹni tí ó gba wúrà nínú fífò sókè ní Òlíńpíìkì 1964 kí jàǹbá alùpùpù tó ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́; Brumel sì tún fò. Ní 1980 ó wo Carlo Mauri, agunkè ará Ítálì. Ní 1981 àwọn oníṣẹ́ abẹ Ítálì pè é, ibẹ̀ ni ìmọ̀ náà sì ti tàn ká ayé. Wọ́n ń lò ó ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Fún orúnkún tí ó ti ká, òrùka a wà ní itan, òmíràn a wà ní ojúgun, oríkèé irin bí ti ilẹ̀kùn a sì so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. A ó kọ́kọ́ fa eegun méjèèjì kúrò lára ara wọn díẹ̀, kí wọ́n má baà run ara wọn. Lẹ́yìn náà ni a ó máa yí nọ́ọ̀tì lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára lè ráyè gùn pẹ̀lú rẹ̀. Kò rọrùn. Ó ń dunni. Ibi tí wáyà gbà wọlé lè kẹ̀. Bí a bá sì tú irin tí a kò máa na ẹsẹ̀, orúnkún lè padà ká. Nítorí náà, bí ó bá ṣì kéré, nínà ojoojúmọ́ àti P.O.P. tí a ń pààrọ̀ léraléra ni a kọ́kọ́ ń lò.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé ojúlówó kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Síbẹ̀, orúnkún ṣì ń ká: nítorí iná tí ó jó ni, nítorí ọyún inú oríkèé, nítorí eegun tí a dì pẹ́ jù.

Ọ̀rẹ́ mi ti di bàbá àgbà. Ó ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì kúrò lórí orúnkún náà bí ó bá ń rìn. N kò rí i kí ó bínú sí ẹnikẹ́ni rí. Èmi ni ó ń dùn. Nígbà tí àwa ń wo òkè, tí a ń bèèrè ohun tí Ọbàtálá rí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni orúnkún náà wà, tí ó ń ká lọ díẹ̀díẹ̀.