Nígbà Tí Awọ Ìyáàlù Bá Gbó: Ìtàn Ìlù Dùndún ní Òkè-Ògùn

Igbá ni a fi ń bu omi. Igba ni ọgọ́rùn-ún méjì. Igbà ni akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ìgbà ló sì ń lọ tó ń bọ̀. Létí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn nìkan náà sì ni ìyáàlù, àgbà nínú àwọn ìlù dùndún, ní. Kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Nígbà tí onílù bá fẹ́ sọ pé igbá, ó gbọ́dọ̀ lè gbé ìró kejì dé òkè. Bó bá fún ọsán, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, títí tí ìró náà kò gòkè mọ́, igba ni àwọn èèyàn máa gbọ́. Àṣìsọ yẹn ni àmì àkọ́kọ́ tó ń sọ fún onílù ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí pé awọ ojú ìlù rẹ̀ ti ń gbó, kódà bí kò bá tíì ya.

Ohun méjì tí ọjọ́ ayé wọn kò dọ́gba ni wọ́n so pọ̀ nínú dùndún. Igi àpá tàbí igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ara rẹ̀; wọ́n á dá inú rẹ̀ lu, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ lẹ́nu méjèèjì, wọ́n á sì fún un ní ìbàdí. Àwọn àgbà onílù a máa wá igi tó hù sẹ́bàá ọ̀nà, nítorí wọ́n gbà pé igi tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èrò láti kékeré ni yóò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Irú igi bẹ́ẹ̀ lè sin bàbá, kó sin ọmọ, kó tún sin ọmọ ọmọ. Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú rẹ̀ kò lè bá a dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá jogún ìlù ní agboolé onílù gbọ́dọ̀ jogún etí tó ń mọ ìgbà tí awọ yẹ ní pípààrọ̀.

Ogún yìí ti pẹ́ ní Òkè-Ògùn. Ìtàn àwọn onílù fúnra wọn sọ pé ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Àyàn Àgalú, òrìṣà ìlù, ti wá, nílùú kan tí wọ́n ń pè ní Ṣaworo. Orúkọ náà ṣì wà lára ìyáàlù títí dòní, nítorí ṣaworo ni wọ́n ń pe agogo idẹ wẹ́wẹ́ tó yí ojú rẹ̀ ká. Ilẹ̀ Ìbàrìbá kò sì jìnnà sí Ṣakí, Kìṣí àti Ìgbòho. Nígbà tí àwọn Nupe lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ilẹ̀ Ìbàrìbá ni ààfin sá lọ. Lẹ́yìn náà, Ìgbòho di olú-ìlú Ọ̀yọ́ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, àwọn Aláàfin wàjà síbẹ̀, igbó tí wọ́n sin wọ́n sí sì ń jẹ́ Igbó Ọba títí di òní. Ààfin kò sì lè ṣípò kó fi àwọn onílù rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ló ń jí ọba, tí ń ki baba ńlá rẹ̀, tí ń jẹ́ kó mọ àlejò tó ń bọ̀ lọ́nà kí ẹsẹ̀ onítọ̀hún tó kan ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ Scotland, àti Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, gba Ṣakí kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Katunga ni wọ́n pe ìlú náà nínú ìwé ìrìn-àjò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829. Ìlù àti fèrè kún inú ìwé yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin ní kí àwọn eégún alárìnjó ṣeré fún àwọn àlejò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wọ ẹ̀wù erè, òmíràn jáde bí òyìnbó funfun, àwọn èrò sì pariwo. Ọyẹ́ ló máa ń fẹ́ lákòókò ọdún bẹ́ẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ sì ni awọ ìlù máa ń gbẹ jù, tí ohùn rẹ̀ máa ń han jù, tó sì sún mọ́ yíya jù lọ.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àwọn ará ibẹ̀ fọ́n káàkiri, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó síhà gúúsù. Ní ìlú Òkè-Ògùn tí kò tú, ìlù kò dákẹ́ ní ààfin Aṣéyìn ti Ìṣẹ́yìn, Ọ̀kẹ́rẹ̀ ti Ṣakí, Alépàtà ti Ìgbòho àti Ìbà ti Kìṣí. Àwọn ọmọ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, bí Àyánwálé àti Àyántúndé, ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Kí ọmọ tó gba ìyáàlù, yóò ti lu gúdúgúdú, yóò ti lu kẹríkẹrì, yóò sì ti bá wọn sá ìlù sóòrùn lẹ́yìn òjò àìmọye ìgbà.

Ojú ọjọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn yìí gan-an ni olùkọ́ wọn. Lákòókò òjò, awọ a mu omi inú afẹ́fẹ́, a rọ̀, ohùn rẹ̀ a sì wálẹ̀. Ọmọdé lè rò pé awọ ti gbó. Àgbà mọ̀ pé òùngbẹ oòrùn ló ń gbẹ ẹ́: wọ́n á sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n gbé e súnmọ́ iná, ohùn á sì padà. Lákòókò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ a yí padà. Awọ a le kankan, ìlù a ké lọ sókè, ẹni tí kò mọ̀ a sì máa yọ̀ pé ìlù òun dùn. Ibi tí òwe ti jáde nìyẹn, pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló máa ya. Àwọn tó ń pa á fún èèyàn tó ń ṣe àṣejù pọ̀ ju àwọn tó mọ̀ pé ohun tí ojú onílù rí ni wọ́n fi pa á.

Awọ tó gbó lóòótọ́ yàtọ̀ sí méjèèjì. Oòrùn kò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ojú ibi tí kọ̀ǹgó ti ń bà á ti dán, ó ti dúdú díẹ̀, ó sì ti fẹ́lẹ́ ju etí rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, àárín rẹ̀ a mọ́ bí bébà tí òróró kán sí. Ọsán tí ọwọ́ òsì máa ń fún díẹ̀ kó tó dé ohùn òkè ti di ohun tí wọ́n ń fún títí ó fi kan ìbàdí igi, síbẹ̀ ohùn òkè àti ohùn àárín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Òwe tí onílù ń fi ìlù pa kò yé àwọn tó ń jó mọ́. Onílù tó mọ iṣẹ́ kì í gbé irú ìlù bẹ́ẹ̀ lọ sí òde ìyàwó, ká má tíì sọ ààfin.

Iṣẹ́ awọ tuntun gba sùúrù. Wọ́n á rẹ awọ ọmọ ewúrẹ́ sínú omi títí irun rẹ̀ á fi tú, wọ́n á fi ọ̀bẹ há irun náà kúrò, wọ́n á sì nà án kó gbẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bo ìlù, wọ́n á tún rẹ ẹ́ kó rọ̀, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ lé òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹnu igi ká, wọ́n á sì rán an mọ́ ọn. Ọsán awọ a wá máa lọ láti ojú kan sí èkejì, ó ń lọ ó ń bọ̀, títí yóò fi bo gbogbo ìbàdí ìlù. Wọn kì í fún un le lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ tútù tí wọ́n bá fà jù a ya bó bá ń gbẹ. Èyí tí wọ́n bá dẹ̀ jù kò ní sọ̀rọ̀ láéláé. Gúdúgúdú tún ní tirẹ̀: ìda tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín ojú rẹ̀ ló ń fún un ní ohùn, bí ìda bá ṣí, wọ́n á tún un lẹ̀.

Ẹ̀rọ orin òyìnbó náà kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìṣòro yìí. Idẹ ni saksófóònù tí Adolphe Sax gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Paris ní 1846, ṣùgbọ́n ẹ̀là esùsú pẹlẹbẹ kan lẹ́nu rẹ̀ ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Nígbà tí Igo Chico, tó ń fun saksófóònù, kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin Fẹlá ní 1973, tí Fẹlá fúnra rẹ̀ sì gbé saksófóònù, ohun tó di dandan fún un láti mọ̀ nìyẹn pẹ̀lú: itọ́ ń rẹ esùsú, eyín àti ètè ń tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ kan a sì dé tí ohùn rẹ̀ á rọ̀, tí ìró òkè á kọ̀. Afunfèrè a mú òmíràn nínú páálí. Onílù Òkè-Ògùn ní láti wá ewúrẹ́.

Ìmọ̀ ìlù yìí kò sì dúró sí agboolé onílù nìkan. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 sí 1975, fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò kà á sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba kó ìmọ̀ dùndún jọ sínú ìwé ńlá kan ní 1990. Ní 1982, àwo Juju Music ti King Sunny Adé mú ìlù tó ń sọ̀rọ̀ dé etí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Remo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 pẹ̀lú ojú ìlù oníke, ń ṣe ìlù tó ń sọ̀rọ̀ tí kò bẹ̀rù òjò. Ẹni tó bá lu irú rẹ̀ kò ní mọ ọyẹ́ yàtọ̀ sí òjò, kò sì ní kọ́ láti gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín awọ tó tutù àti awọ tó gbó.

Ní agboolé onílù, ọjọ́ tí wọ́n bá tú awọ àtijọ́ kúrò ni ìlù máa ń ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀. Igi náà á wà nílẹ̀, ẹnu méjèèjì lanu. Ipa tí ọsán ti fi ara ha á fún ọ̀pọ̀ ọdún hàn létí rẹ̀, ó dán bí ẹnu kànga àtijọ́ tí okùn ti jẹ. Ọmọ tó jókòó tì í a máa fi ìka tọ ipa náà, bàbá rẹ̀ a sì máa fún omi kúrò lára awọ tuntun.