Láti Ojú Ogun dé Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́: Bí Ẹ̀kọ́ nípa Àwùjọ Éṣíà Òde Òní Ṣe Gbilẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lónìí, ẹni tí ó bá ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì lè lo ọdún kan ní ilé-ẹ̀kọ́ SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ Éṣíà òde òní, kí ó sì gba oyè M.A. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni ó kọ́kọ́ nílò irú ìmọ̀ yìí, kí ni ó sì fẹ́ fi ṣe?

Ìjọba amúnisìn ni. Ní ọdún 1916 ni wọ́n fi àṣẹ ọba dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì wọlé ní 1917. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ń rán lọ sí òkè òkun, àwọn oníṣòwò àti àwọn ajíhìnrere ni a ní lọ́kàn. Ìlà-Oòrùn nìkan ni orúkọ rẹ̀ mẹ́nu bà nígbà náà. Ọdún 1938 ni wọ́n tó fi Áfíríkà kún un. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ẹ má gbàgbé pé abẹ́ òrùlé yìí kan náà ni E. C. Rowlands ti kọ́ni ní èdè wa, tí ìwé rẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ Yorùbá sì jáde ní 1969.)

Ogun ni ó tú àṣírí. Nígbà tí Jàpáànù gbógun ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó gbọ́ èdè ọ̀tá. Ní 1942, wọ́n ṣa àwọn ọmọkùnrin jọ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí Dulwich College, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Jàpáànù, Ṣáínà, Tọ́kì àti Páṣíà. Ọmọ ọdún 17 tàbí 18 ni wọ́n, bí ẹ̀yin náà. Ìtàn wọn ni mo máa ń sọ fún ẹni tí ó bá ń ráhùn ní kíláàsì pé àmì ohùn Yorùbá ti pọ̀ jù!

Ọ̀kan nínú wọn ni Ronald Dore. Nítorí ogun ni a ṣe kọ́ ọ ní èdè Jàpáànù, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, kò pa èdè náà tì. Ní 1951, ó wà ní àdúgbò kan ní Tokyo, ó ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilé gbígbé, ìgbéyàwó, owó àti ẹ̀sìn. Ìwé tí ó kọ lórí àdúgbò náà, City Life in Japan, jáde ní 1958. Títí di ìgbà náà, ìwé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa Éṣíà ń tú wò. Dore lọ bi àwọn alààyè léèrè.

Ní 1961, ìgbìmọ̀ Hayter tí ìjọba gbára lé sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀kọ́ náà ti tẹ̀ sí èdè àti lítíréṣọ̀ àtijọ́ jù. Wọ́n ní kí a dá ibùdó sílẹ̀ fún ìtàn òde òní, ọrọ̀ ajé àti ìṣèlú. Ibùdó fún ẹ̀kọ́ nípa Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ ní Sheffield ní 1963. Inú irú ilẹ̀ yìí ni oyè M.A. tí à ń wí ti ta gbòǹgbò.

Ìgbìmọ̀ náà ṣe dáadáa, síbẹ̀ ohun kan ń kọ mí lóminú. Nínú ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ lónìí, kíkọ́ èdè àwọn tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn kò pọn dandan mọ́. Èdè nìkan gba Dore àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ọdún kan péré ni gbogbo M.A. náà.